Iná Tí A Dáwó Rà: Ta Ló Ni Ín?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tàbí ti sàká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwàásù ni. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni. Bí ẹnì kan bá ń wí nínú ara rẹ̀ pé kí ló kan Àáfà pẹ̀lú iná, kí onítọ̀hún fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ní àdúgbò wa, ọdún mẹ́fà rèé tí tíránsífọ́mà wa jó. Oṣù mẹ́rin gbáko ni a fi jókòó nínú òkùnkùn. Ilé iṣẹ́ tí ń pín iná fún wa sọ pé àwọn kò ní òmíràn nílẹ̀, pé bí a bá kánjú, kí a dáwó. A sì dáwó. Èmi fúnra mi ni mo dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí mo bẹ ìjọ, àwọn ọmọlẹ́yìn Kírísítì náà sì kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja tí ẹja wọn ti rà nínú fíríìsà ni wọ́n kọ́kọ́ mú owó wá. Ìyá arúgbó kan tí ń ta ẹ̀kọ tú kókó aṣọ rẹ̀, ó ka owó sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n kọ orúkọ òun sílẹ̀ kí òun náà lè jẹ nínú ẹ̀san rẹ̀. Mo kọ ọ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní.

Tíránsífọ́mà dé, a ṣe àdúà, a sì pín mọ́sà fún àwọn ọmọdé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sí orí ìdúró rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà mú ìwé kan wá, ó ní kí a fọwọ́ sí i. Inú wa ń dùn, a fọwọ́ sí i. Kò ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi so àdúgbò mìíràn mọ́ ọn láì bi wá léèrè. Nígbà tí ẹrù wọ̀ ọ́ lọ́rùn, òun náà jó. A kó ara wa lọ bá wọn. Wọ́n ní tíránsífọ́mà náà kì í ṣe tiwa mọ́, pé a ti fọwọ́ sí i pé a fi ta ilé iṣẹ́ lọ́rẹ. A ní, ó dára, bí ó bá jẹ́ tiyín, ẹ wá tún un ṣe. Wọ́n ní kò sí owó, kí a tún dáwó. Ẹ̀yin ará, ẹ wo irú ọ̀rọ̀ yìí: nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí, tiwọn ni, nígbà tí ó bá bàjẹ́, tiwa ni.

Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì mí láti kọjá níwájú ìyá ẹlẹ́kọ yẹn. Owó rẹ̀ kò wọ àpò mi, Ọlọ́run Ọba mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà á, èmi náà ni mo sì fọwọ́ sí ìwé tí n kò kà tán. Amánà ni ó fi lé mi lọ́wọ́. Ẹni tí a fi amánà lé lọ́wọ́ tí ó fi ojú fo ìwé, kò lè sọ pé òun mọ́ pátápátá.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń bèèrè lónìí pé: iná tí a ń dáwó rà, ta ló ni ín?

Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kọ́ wa pé ohun mẹ́ta wà tí àwọn ènìyàn jọ ní pọ̀: omi, koríko tí ẹran ń jẹ, àti iná. Ẹ óò bá hádíìsì náà nínú ìwé Abú Dáwúdà. Nígbà tí a ń kọ́ ọ ní ilé kéú, ẹyin iná tí aládùúgbò máa ń wá bù lójú ààrò ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Àwọn àgbà onímọ̀ kò sọ pé kí a lọ gba ohun tí ẹnì kan fi òógùn rẹ̀ ṣe. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni pé ohun tí ẹ̀dá kò lè ṣe aláìní, tí Ọlọ́run sì dá sílẹ̀ fún gbogbo wa, kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ó máa yan ẹni tí yóò wọlé. Oòrùn tí ń ràn, atẹ́gùn tí ń fẹ́, odò tí ń ṣàn, ta ló dá wọn? Ta ló ń gba owó orí wọn?

Ẹ tún rántí kànga Rúmà ní Mẹ̀dínà. Ẹni tí ó ni ín ń ta omi rẹ̀, ó sì nira fún àwọn tálákà. Sàyìdínà Uthmán, kí Ọlọ́run yọ́nú sí i, fi owó ara rẹ̀ rà á, ó sì fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, èyí tí àwa ń pè ní wákàfù. Kò sọ pé nígbà tí òun ti rà á, òun ni yóò máa kọ́kọ́ fà. Garawa tirẹ̀ àti garawa àwọn yòókù di ọ̀kan náà lẹ́nu kànga náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ garawa yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sí i.

Wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé oko ẹlòmíràn.

Ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Scotland, láàrin omi òkun, erékùṣù kékeré kan wà tí ń jẹ́ Eigg. Gígùn rẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 9, ìbú rẹ̀ bíi kìlómítà 5, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ sì lé díẹ̀ ní ènìyàn 100. Ìjọ tí ń kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa pọ̀ jù wọ́n lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnì kan ṣoṣo ni ó máa ń ni ilẹ̀ erékùṣù náà. Bí olówó kan bá tà á, olówó mìíràn a rà á, àwọn ọmọ ibẹ̀ a sì dà bí ayálégbé lórí ilẹ̀ tí a bí wọn sí. Ní ọdún 1997 ni wọ́n fi òpin sí i. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa di ilẹ̀ náà mú fún gbogbo wọn, wọ́n tọrọ owó káàkiri, wọ́n sì rà á ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ owó pọ́n-ùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló dá sí i. Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn ni obìnrin kan tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé kí a má dárúkọ òun. Àwa tí a kọ́ pé sàráà ìkọ̀kọ̀ lọ́lá jù, ẹ jẹ́ kí a gba ẹ̀kọ́ lára obìnrin náà.

Ilẹ̀ di tiwọn, ṣùgbọ́n òkùnkùn kò tíì kúrò. Okùn iná ìjọba kò la òkun dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀ tí ń mu dísẹ́ẹ̀lì, epo náà sì ń bá ọkọ̀ ojú omi wá. Wọ́n á tan án fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á sì pa á kí epo má bàa tán. Ariwo lọ́tùn-ún, ariwo lósì, èéfín láàrin. Ǹjẹ́ ẹ mọ ilé kan tí ó jọ èyí?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2008 ni wọ́n tan iná tuntun, iná tí ó wà tọ̀sán-tòru, èyí tí erékùṣù náà kò rí irú rẹ̀ rí. Odò mẹ́ta tí ń ti orí òkè ṣàn wá ń yí ẹ̀rọ. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn lè mú kilowáàtì 100 wá. Ẹ̀rọ mẹ́rin wà tí atẹ́gùn ń yí, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kilowáàtì 6. Gíláàsì tí ń gba oòrùn náà wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kilowáàtì 10, wọ́n sì sọ ọ́ di bíi 50 nígbà tó yá. Ohun tí a kò bá lò lójú ẹsẹ̀ á lọ sínú bátìrì ńláńlá. Okùn tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n rì í sí, ó tó kìlómítà 11. Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe pa mẹ́ta pọ̀. Nígbà òtútù wọn, oòrùn kì í pẹ́ lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n òjò àti atẹ́gùn ń pọ̀. Nígbà ooru, odò a fà, oòrùn a sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣì fi ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì méjì sílẹ̀ fún ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ṣùgbọ́n ìdá tí ẹ̀rọ náà ń mú wá nínú iná tí wọ́n ń lò láti ọdún dé ọdún kéré púpọ̀.

N kò ní fi òtítọ́ pa mọ́ fún yín. Iṣẹ́ náà gba owó tí ó ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́n-ùn lọ, kì í sì í ṣe àpò àwọn 100 yẹn nìkan ni ó ti jáde. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn àjọ ìjọba ràn wọ́n lọ́wọ́, apá kan sì wá láti inú owó lọ́tìrì orílẹ̀-èdè wọn. Ní ti lọ́tìrì, àwa Mùsùlùmí kò ní gba ọ̀nà yẹn, nítorí tẹ́tẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó ìrànwọ́ ni ó mú iná náà wà láàyè láti ọdún 2008 títí di òní. A rí owó ìrànwọ́ ní ilẹ̀ tiwa náà. Iná oòrùn ẹ̀gbẹ́ títì melòó ni àwọn olóṣèlú ti gbé kalẹ̀ fún wa, tí a lu ìlù, tí a ya fọ́tò, tí bátìrì rẹ̀ kú láàrin ọdún méjì, tí òpó rẹ̀ sì di ibi tí àwọn ewúrẹ́ ń fi ara họ? Owó ni a fi gbé e kalẹ̀. Ẹni tí ó ni ín ni kò sí.

Ohun tí ó mú ti Eigg dúró ni nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, tiwọn ni. Ilé iṣẹ́ iná náà wà lábẹ́ ẹgbẹ́ tí ó di ilẹ̀ wọn mú. Owó tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń san lórí míta kì í lọ sí ọ̀nà jíjìn. Òun ni wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ ṣe. Àwọn ọmọ erékùṣù náà ni a sì kọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá bàjẹ́ ní òru, ẹni tí yóò dìde kò jìnnà sí wọn.

Èkejì, wọ́n fi ààlà sí i. Ilé kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ lò ju kilowáàtì 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá 10. Ẹ̀rọ ìsè omi kan ṣoṣo lè gba kilowáàtì 2 tàbí 3, nítorí náà ẹni tí ó ń se omi, tí ó ń lọ aṣọ, tí ó sì tún fẹ́ tan ẹ̀rọ ìfọṣọ, yóò mú ọ̀kan ṣáájú èkejì. Bí ó bá kọjá ààlà, iná ilé rẹ̀ á kú, yóò lọ pe àwọn olùtọ́jú iná kí wọ́n wá tan án padà, yóò sì sanwó lé e. Kò sí ti olówó, kò sí ti mẹ̀kúnnù. Ẹ rántí garawa Sàyìdínà Uthmán. Ẹ sì rántí pé Ànábì wa kìlọ̀ fún wa kí a má fi omi ṣòfò nínú àlùwàlá, àní bí a bá wà létí odò tí ń ṣàn. Bí ẹni tí ó wà létí odò kò bá gbọdọ̀ ṣòfò, kí ni ká ti wí fún ẹni tí ó jọ ń mu nínú ìkòkò kan pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀?

Ní ọdún 2010, òjò fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ wọn, omi odò wọn sì lọ sílẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú dín ohun tí ó ń lò kù títí òjò yóò fi rọ̀. Wọ́n sì dín in kù. Kò sí ẹni tí ó ju òkúta sí ẹ̀rọ, kò sí ẹni tí ó gun òpó lọ fa okùn ní ìkọ̀kọ̀, nítorí ẹnì kan kì í jí ohun ìní ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Nígbà tí atẹ́gùn bá pọ̀ tí òjò sì rọ̀, tí iná pọ̀ ju èyí tí ilé lè lò lọ, wọn kì í jẹ́ kí ó ṣòfò. Wọ́n á darí rẹ̀ lọ mú gbọ̀ngàn ìlú àti ilé ìjọsìn wọn móoru. Àníkún tí Ọlọ́run fún wọn, ibi tí gbogbo wọn ti ń pàdé ni ó ń lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé nítorí pé wọ́n kéré níye ni. Erékùṣù kan ń jẹ́ Samsø ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, bíi ènìyàn 4,000 ni ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1997 kan náà yẹn ni ìjọba wọn yàn wọ́n pé kí wọ́n fi ohun tí ó yí wọn ká wá gbogbo agbára tí wọ́n ń lò. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà. Ọmọ ibẹ̀ kan, Søren Hermansen, ni ó ń ti ìpàdé bọ́ sí ìpàdé, tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè oko wọn. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn fúnra wọn lè ra ìpín nínú ẹ̀rọ atẹ́gùn náà ni ojú wọn là. Ẹ̀rọ 11 ni wọ́n gbé sórí ilẹ̀ ní ọdún 2000, wọ́n sì gbé 10 mìíràn sínú òkun lẹ́yìn náà; àwọn àgbẹ̀, àwọn onípìn-ín kéékèèké àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn ni ó ni wọ́n. Ẹ̀rọ tí ì bá máa pariwo létí wọn bí ó bá jẹ́ ti àlejò, nígbà tí ó di tiwọn, ó di orin.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Ní ọjà wa, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tirẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ sọ ọ́ ní orúkọ: "Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ." Mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ lé àyà kí ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Ànábì gba ẹ̀tọ́ aládùúgbò rò tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé aládùúgbò yóò di ajogún. Àwa wá ra ẹ̀rọ, a sì fi ìkà sọ ọ́ lórúkọ. Èéfín rẹ̀ ń wọ imú ọmọ ẹlòmíràn, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn Lèmọ́mù nínú ìrun Àsárì. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ ọwọ́ kúrò nínú owó epo, ìyà rẹ̀ ti di ìlọ́po. Aṣọ tí télọ̀ ń rán, owó epo ti jẹ èrè ibẹ̀. Ẹni tí ń lọ ata, onígbàjámọ̀, ìyá oníyìnyín, gbogbo yín ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Bí ṣọ́ọ̀bù 40 bá ní ẹ̀rọ 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ra epo lójoojúmọ́, owó tí ń jó níbẹ̀ láàrin ọdún kan kì í ṣe owó kékeré. A ti ń dáwó. Inú èéfín ni a ń dá a sí.

Kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní Gbámú-Gbámú, ní agbègbè Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí okùn iná ìjọba kò dé, iná oòrùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ kilowáàtì 85 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018. Àwọn ará ibẹ̀ ń ra iná lórí míta, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń fi ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ aládàáni ni ó ń darí èyí, kì í ṣe ará ìlú, bẹ́ẹ̀ ni n kò bú u, nítorí ó sàn kí iná wà ju kí ó má sí lọ. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé oòrùn ilẹ̀ wa tó, pé àgbẹ̀ kòkó lè san owó iná, àti pé ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ ní oko. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù: kí àwa náà ní ìpín nínú rẹ̀.

Òfin kò sì dí wa lọ́nà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣàkóso iná, èyí tí a ń pè ní NERC, ti ṣe òfin lórí iná kéékèèké bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2016, ó sì tún un ṣe ní ọdún 2023. Nínú òfin ti ọdún 2023 náà, èyí tí kò bá ju kilowáàtì 100 lọ, ìforúkọsílẹ̀ lásán tó fún un. Ìwé àṣẹ wà nínú òfin ọdún 2023 yẹn fún èyí tí ó bá dé mẹ́gáwáàtì 1, ẹni tí ó bá sì gba ìwé àṣẹ náà ní ààbò: bí okùn iná ńlá bá dé ìlú rẹ̀ lọ́la, ó lè gba owó ohun tí ó ti ná, tàbí kí ó so tirẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, bí tiyín tilẹ̀ kéré, ẹ gba ìwé àṣẹ. Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 sì fi àyè sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti máa ṣàkóso iná tirẹ̀, nítorí náà ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yín pẹ̀lú. Àní ní ti tíránsífọ́mà tí mo kọ́kọ́ sọ, àjọ náà ti là á sílẹ̀ láti ọdún 2015 pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ iná kọ ìwé àdéhùn lórí bí owó rẹ̀ yóò ṣe padà. Òfin wà nílẹ̀ nígbà tí mo fọwọ́ sí ìwé. Èmi ni n kò wádìí.

Ẹnì kan lè wí pé: "Àáfà, Yorùbá kò lè ní nǹkan pọ̀ kí ìjà má bẹ́." Mo dá a lóhùn pé irọ́ ni. Àwọn baba wa tí wọ́n ń gbin kòkó ti wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí a tó bí èmi tí mo ń kọ ìwé yìí. Ọdún 1935 ni a ti ṣe òfin ẹgbẹ́ náà ní Nàìjíríà. Àwọn ìyá wa ń dá èésú ní gbogbo ọjọ́ ọjà, láìsí lọ́yà, láìsí ọlọ́pàá. Ó ju ọ̀kan lọ nínú àwọn ìjọ wa tí ó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kì í gba èlé. Ohun tí ń fa ìjà ni ìwé tí a kò kọ àti ìṣirò tí a fi pa mọ́. Ẹ sì wo bí Ọlọ́run Ọba ṣe mọ̀ wá: àyáàtì tí ó gùn jù nínú gbogbo Àlùkùránì, nínú Súrátù Bákárà, kì í ṣe ti ìrun, kì í ṣe ti Háájì. Ti pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀ ni, kí akọ̀wé kọ ọ́ ní òdodo, kí ẹlẹ́rìí sì wà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín rèé. Ìlú tàbí ọjà tí ó bá tún fẹ́ dáwó iná, kí ó kọ́kọ́ dúró. Ẹ má dá kọ́bọ̀ kan kí ẹ tó mọ orúkọ tí yóò wà lórí ìwé ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹni tí ó dá ₦1,000 mọ ìpín rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dá ọ̀kẹ́ àìmọye. Bí ìlú bá jẹ́ ti Mùsùlùmí àti ti Kírísítẹ́nì, kí ẹgbẹ́ náà jẹ́ ti àwọn méjèèjì, nítorí oòrùn kì í bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn kí ó tó ràn. Ẹ má yá owó èlé; ẹni tí ó bá ní owó, kí ó wá ṣe àjọṣe nínú èrè àti nínú òfò. Olówó tí ó bá fẹ́ sàráà tí kì í tán lẹ́yìn ikú, kí ó fi ìpín tirẹ̀ ṣe wákàfù fún ilé kéú, fún ilé ìgbẹ̀bí, fún kànga ìlú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ààlà sí i bí àwọn ará Eigg ti ṣe, kí ààlà náà sì mú ọba àti Lèmọ́mù. Ẹ rán ọmọ méjì nínú àwọn ọmọ yín lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ máa ya owó bátìrì sọ́tọ̀ láti oṣù àkọ́kọ́, nítorí bátìrì a máa gbó, ibẹ̀ sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná oòrùn ilẹ̀ wa ti ń kú. Kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sókè létí gbogbo ènìyàn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí èyí bá pọ̀ jù fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá péré. Ọmọ tí yóò rìn, rírá ni ó kọ́kọ́ ń rá.

Ní ti èmi, mo ti mú ìwé àtijọ́ náà jáde, èyí tí mo kọ orúkọ àwọn olùdáwó sí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, mo ka gbogbo rẹ̀ sókè níwájú ìjọ, mo sọ bí a ṣe ná owó náà, mo sọ ohun tí mo fọwọ́ sí àti ìdí tí n kò fi kà á tán, mo sì tọrọ àforíjì. Ìyá ẹlẹ́kọ wà ní àárín àwọn obìnrin. Nígbà tí a ṣe tán, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní: "Àáfà, ẹ ò jẹ mí ní gbèsè. Bí ẹ bá tún fẹ́ dá òmíràn, ẹ wá bá mi. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fún èmi náà ní ìwé tèmi."

Ẹ̀yin ará, ìyá yìí kò lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ó ti dáhùn ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni iná.

Kí Ọlọ́run Ọba Allah fi ìmọ́lẹ̀ sí ilé wa àti sí sàréè wa, kí ó má sì jẹ́ kí a jẹ amánà ara wa. Àmín.